Ẹ̀rọ Ìmí Olóyè Olúgbádé

Kí ikọ́ tó wọ Ìbàdàn lọ́yẹ́ ọdún 1996, àga àti kánópì ni Olóyè Gbádérọ̀ Olúgbádé ń háyà fún ìjọba. Bí ìjọba bá fẹ́ gbẹ́ kòtò, Olóyè á kó àga wá. Bí wọ́n bá fẹ́ dí kòtò náà, á tún kó àga wá. Òun fúnra rẹ̀ a sì jókòó sórí ọ̀kan níwájú, agbádá rẹ̀ a bo méjì tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó jókòó síwájú títí àwọn tó wà lọ́fíìsì ìjọba fi gbàgbé pé oní-àga ni, wọ́n rò pé alága ni. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n dá Ìgbìmọ̀ Gíga Aṣẹ́gun Ikọ́ sílẹ̀, tí wọ́n ń wá ẹni tí yóò ṣe alága, ta ni wọn ì bá tún pè?

Ikọ́ yìí kì í ṣe ikọ́ eré o. Bó bá mú èèyàn, àyà á fún, ọ̀nà ọ̀fun á há, aláìsàn á máa na ọwọ́ sí afẹ́fẹ́ bí ẹni ń bẹ̀bẹ̀ pé, "Jẹ́ n mí, jẹ́ n mí." Ibẹ̀ ni àwọn ará Agbowó ti sọ ọ́ ní Jẹ́-n-mí. Bẹ́ẹ̀dì tán láwọn ilé ìwòsàn. Ẹ̀rọ tó ń bá aláìsàn mí kò tó nǹkan nílùú, èyí tó sì wà, èèyàn mẹ́wàá ló ń dúró dè é.

Olóyè gba ọ́fíìsì sí òkè kẹta ilé kan ní Dùgbẹ̀, ó sì kọjú ìjà sí ikọ́ lọ́jọ́ kìíní. Ó pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wúkọ́ nínú ilé náà láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ẹni tí ikọ́ bá yún lọ́fun, kó kọ̀wé tọrọ àyè, kó dúró de èsì. Lọ́jọ́ kejì, ó pàṣẹ pé bí Alága bá sín, kí gbogbo òṣìṣẹ́ dìde, kí wọ́n wí pé, "Ẹ ó gbó, ẹ ó tọ́, Alága wa!" Akọ̀wé rẹ̀, Wándé, ọkùnrin tinrín kan tó ti lé lógójì ọdún, ni yóò kọ aago tí Alága sín sínú ìwé. Títí oṣù fi parí, Ìgbìmọ̀ Gíga kò tíì rí aláìsàn kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n wọ́n mọ gbogbo ìgbà tí Olóyè sín.

Wándé yìí kan náà ló ń tẹ lẹ́tà. Lẹ́tà kò sì gbọdọ̀ jáde láìjẹ́ pé gbogbo oyè Alága pé lórí rẹ̀: Olóyè, Alàgbà, Ọ̀mọ̀wé (oyè ọ̀mọ̀wé náà ti yunifásítì kan tí kò ní ju àpótí ìfìwéránṣẹ́ lọ wá), Bàbá Ìsàlẹ̀ Ẹgbẹ́ Onítáyà, Agbátẹrù Ìlera, títí dé èyí tó fi ara rẹ̀ jẹ lánàá, Òkè Ńlá Tí Ikọ́ Ò Le Gùn. Ìlà mọ́kànlá ni. Bí lẹ́tà bá pẹ́ kó tó sọ ohun tó fẹ́ sọ, oyè ló ń dá a dúró lọ́nà.

Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ níbẹ̀ ná, ká dé Ring Road, níbi tí iṣẹ́ wà.

Ilé ìwòsàn aládàáni kékeré kan wà níbẹ̀, tí fíríìjì wọn bàjẹ́. Wọ́n ránṣẹ́ pe Kabir, oníṣẹ́ fíríìjì kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Olúyọ̀lé. Bí Kabir ṣe ń kọjá lọ sídìí fíríìjì, ó rí Sístà Olúbùsọ́lá, olórí nọ́ọ̀sì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì obìnrin aránṣọ kan tí Jẹ́-n-mí mú. Báàgì rọ́bà kan wà lọ́wọ́ Sístà, ìbomú kan wà lẹ́nu báàgì náà, ó fi í bo imú àti ẹnu obìnrin náà, ó ń tẹ báàgì náà, ó ń tú u sílẹ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń tú u sílẹ̀. Kabir tún fíríìjì náà ṣe fún wákàtí méjì. Nígbà tó padà jáde, ó bá Sístà níbi tó wà.

"Sístà, ẹ jọ̀ọ́, láti ìgbà wo lẹ ti ń tẹ nǹkan yìí?"

"Láti aago mẹ́fà àárọ̀. Èmi àti ẹnì kejì mi là ń gbà á lọ́wọ́ ara wa."

"Ẹ ò lè sinmi díẹ̀?"

"Bí mo bá dúró, obìnrin yìí náà á dúró."

Kabir wo ọwọ́ Sístà. Ó lọ, ó bọ̀, ó lọ, ó bọ̀. Ó wo iṣan tó ti le gbagidi lápá rẹ̀.

"Sístà, ohun tí wáípà mọ́tò ń ṣe nínú òjò lẹ ń ṣe yìí. Kì í sì í rẹ wáípà."

Ó lọ. Ọjọ́ kẹta ló padà dé pẹ̀lú àpótí irin kan tí kò ju páálí ọṣẹ lọ. Mọ́tò wáípà Peugeot 504 wà nínú rẹ̀, irin pẹlẹbẹ méjì tó ń tẹ báàgì rọ́bà, àti bọ́tìnnì tí a lè fi mú un yára tàbí kó rọra. Bátìrì ọkọ̀ ló ń lò, nítorí Kabir mọ NEPA dáadáa. Dókítà tó ni ilé ìwòsàn náà fi odidi ọjọ́ kan dán an wò lórí báàgì òfìfo, ó wọn afẹ́fẹ́ rẹ̀, ó ní kí Kabir tún ibi kan lọ̀, kó tún ibòmíràn dè, kó tó gbà kí wọ́n gbé e sọ́dọ̀ obìnrin aránṣọ náà. Wọ́n tan án. Kíù-fàá, kíù-fàá, ló ń dún. Sístà Olúbùsọ́lá jókòó sórí àga fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárín ọjọ́ mẹ́rin, ó sì bú sẹ́kún.

Kùdírátù, oníròyìn rédíò kan tó ń gbé kásẹ́ẹ̀tì àti maikirofóònù rìn kárí ìlú, gbọ́ nípa ẹ̀rọ náà lẹ́nu onítakisí. Ó gba ohùn Sístà sílẹ̀, ó gba ti Kabir, ó sì gbé maikirofóònù sún mọ́ ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, gbogbo Ìbàdàn gbọ́ kíù-fàá. Wọ́n gbọ́ Kabir tó ń sọ pé, "Ẹ̀rọ yìí ò gbọ́n o. Títẹ̀ nìkan ló mọ̀. Sístà àti dókítà ló gbọ́n."

Nílé rẹ̀ ní Bódìjà, Olóyè Olúgbádé gbé ife tíì sílẹ̀.

"Wándé! Ìṣẹ́jú mẹ́rin! Wọ́n sọ̀rọ̀ ikọ́ lórí rédíò fún ìṣẹ́jú mẹ́rin gbáko láìdárúkọ mi! Ta ló ni ikọ́ nílùú yìí?"

"Ẹ̀yin lẹ ni ín, sà," ni Wándé wí, tó ti wá láti Dùgbẹ̀ láti wá gba àṣẹ òwúrọ̀.

"Kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo fi òfin de ẹ̀rọ náà."

Wándé tẹ ìlà mọ́kànlá, ó fi òfin náà sí ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n kí lẹ́tà ọ̀hún tó débi tó ń lọ, Olóyè ti gun mọ́tò kọjá ní Challenge, ó sì gbọ́ tí àwọn èèyàn ń yin ẹ̀rọ náà bí ọmọ tó gbégbá orókè. Ìyìn ń lọ lófo lójú rẹ̀ kòròkòrò! Ó dá mọ́tò padà, ó ní kí Wándé fa lẹ́tà náà ya. Lọ́jọ́ kejì, ó pe àwọn oníròyìn jọ.

"Ẹ̀yin èèyàn mi," ló bẹ̀rẹ̀, "nígbà tí ẹ̀yin ń sùn, èmi ń ronú. Nígbà tí mo sì sùn, mo tún ń ronú. Ojú oorun ni mo ti rí ẹ̀rọ ìmí yìí, tó dìde dúró níwájú mi, tó sì wí pé, 'Olúgbádé, ṣe mí.' Mo wá fi ìdí rẹ̀ han ọ̀dọ́mọkùnrin oníṣẹ́ fíríìjì kan."

Kùdírátù nawọ́. "Olóyè, ẹ jọ̀ọ́, báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́?"

"Ìbéèrè tó gún régé! Ẹ̀rọ yìí ń fa afẹ́fẹ́ láti òkè, níbi tí ìjọba wà. Ó ń gba inú ìlànà kọjá. Lẹ́yìn náà, yóò wá pín in fún aráàlú lẹ́sẹẹsẹ, kí ẹnikẹ́ni má baà mí ju ẹnìkejì rẹ̀ lọ."

Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan nínú wọn sunkún. Ẹ má bi mí bóyá ikọ́ ni.

Láti ibẹ̀, ó kọjá sí ṣọ́ọ̀bù Kabir. Nígbà yẹn, Kabir ti ṣe méjì sí i. Ìkíní tí aránṣọ náà lò wà níbẹ̀ pẹ̀lú, nítorí ara obìnrin náà ti yá, wọ́n sì gbé e wá kí ó pààrọ̀ rọ́bà rẹ̀. Olóyè wo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ojú rẹ̀ sì fà ro.

"Ó kéré."

"Bàbá, kó lè gba ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni mo ṣe ṣe é bẹ́ẹ̀."

"Ṣé o fẹ́ kí wọ́n sọ pé ìjọba wa ò ju páálí ọṣẹ lọ ni? Ó gbọ́dọ̀ tóbi. Ẹni tó bá rí i ní òkèèrè gbọ́dọ̀ yára dọ̀bálẹ̀."

Ó pe káfíńtà kó ṣe àpótí kan tó ga tó wọ́dúróòbù, kí wọ́n kùn ún láwọ̀ ewé àti funfun, kí wọ́n sì ya àwòrán òun sí i níwájú, kó máa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rọ kan yóò wọ inú àpótí náà, wọn yóò sì ṣí i fáyé rí ní ọjọ́ Sátidé, ní pápá kan ní Challenge. Kó tó di ọjọ́ náà, kí wọ́n ti ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ yàrá ìkẹ́rùsí ní Dùgbẹ̀.

"Bàbá, àwọn aláìsàn ń kọ́?" ni Kabir bi í.

"Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ẹ̀rọ mí kí a tó ṣí ẹ̀rọ," ni Olóyè dá a lóhùn, àwọn ọlọ́pàá tó bá a wá sì kó àwọn ẹ̀rọ náà lọ.

Ọjọ́ Wẹ́sídeè ni wọ́n gbé Jọlá dé ilé ìwòsàn Ring Road. Tíṣà ni ní Agbowó, ó ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin. Ètè rẹ̀ ti ń dúdú. Sístà Olúbùsọ́lá tún mú báàgì rọ́bà rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, ó ṣì ń tẹ̀ ẹ́. Ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò ká mọ́ dáadáa. Aláìsàn méjì mìíràn tún dé, àwọn nọ́ọ̀sì kò sì ju mẹ́ta lọ. Ọkọ Jọlá, tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ báàgì láàárọ̀ yẹn, dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń ka èémí ìyàwó rẹ̀ sókè bí ẹni ń ka tẹ̀súbáà.

Kùdírátù yà síbẹ̀, ó rí wọn. Kò tan rẹ́kọ́dà rẹ̀. Dùgbẹ̀ ló gbà lọ tààrà.

"Olóyè, ẹ fojú àánú wò ó. Ẹ̀rọ kan péré. Obìnrin náà lè máà rí ọ̀la."

"Kó ní sùúrù. Sátidé ò jìnnà."

"Olóyè, èémí kì í ní sùúrù."

Olóyè dìde. Bó ti ń dìde, àwọn òṣìṣẹ́ náà dìde; wọ́n rò pé ó sín.

"Ìwọ obìnrin yìí, ṣé o mọ ẹni tó ń bọ̀ wá ṣí i? Kọ́nẹ́ẹ̀lì ni ìjọba ń rán bọ̀! Ṣé ẹ̀rọ tí ẹnì kan ti mí sí ni kí n gbé ka iwájú Kọ́nẹ́ẹ̀lì? Ẹ̀rọ tòkunbọ̀?"

Ó ní kí wọ́n sìn ín jáde. Wándé ló sìn ín. Ní àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀, Wándé dúró.

"Ìyáàfin, tíṣà tí ẹ wí yẹn, ṣé Jọlá tó ń kọ́ni ní Agbowó ni?"

"Òun ni. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n ni?"

"Òun ló kọ́ ọmọ mi ní ìwé kíkà. Àwa ti rò pé ọmọ náà ò ní lè kàwé láéláé." Ó yíjú wo òkè àtẹ̀gùn. "Ẹ sọ fún Kabir kó gbé píkọ́ọ̀pù wá sẹ́yìnkùlé ní aago méjì ọ̀sán."

Bàbá Àlàó ni ẹ̀ṣọ́ yàrá ìkẹ́rùsí. Olóyè ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni, àfi ẹni tó bá mú lẹ́tà tí gbogbo oyè Alága pé sí wá. Bí oyè kan bá dín, ayédèrú ni. Òǹtẹ̀ Alága sì wà lọ́wọ́ Wándé, nítorí Olóyè máa ń sọ pé ọwọ́ òun kì í ṣe ọwọ́ tí a fi ń tẹ nǹkan. Wándé jókòó sídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ó tẹ ìlà mọ́kànlá, kò fo ìkankan. Lábẹ́ rẹ̀, ó tẹ gbólóhùn kan: *Kó ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún ẹni tó mú ìwé yìí wá.* Ó lu òǹtẹ̀ náà mọ́ ọn.

Nígbà tí Kabir mú un dé, Bàbá Àlàó fi ìka tọ oyè kọ̀ọ̀kan, ó ń kà á wúyẹ́wúyẹ́. Nígbà tó dé Òkè Ńlá Tí Ikọ́ Ò Le Gùn, ó mí kanlẹ̀.

"Ó pé," ló wí, ó sì ṣílẹ̀kùn.

Kó tó di aago mẹ́ta, ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wà ní Ring Road, wọ́n ń ṣe kíù-fàá lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mẹ́ta. Wándé padà sọ́fíìsì. Nígbà tí Olóyè bi í bóyá ètò Sátidé ti tò, ó ní, "Gbogbo nǹkan ti wà níbi tó yẹ kó wà, sà." Irọ́ kankan ò sí níbẹ̀.

Sátidé dé. Àga tó wà ní pápá náà lé ní ẹgbẹ̀ta, Olóyè fúnra rẹ̀ ló sì háyà wọn fún ara rẹ̀. Àpótí ńlá náà dúró lórí pèpéle, wọ́n fi aṣọ àrán bò ó, wọ́n tẹ́ bẹ́ẹ̀dì kan síwájú rẹ̀. Rédíò ń gbé e sáfẹ́fẹ́ lójú ẹsẹ̀. Maikirofóònù sì wà lọ́wọ́ Kùdírátù. Olóyè sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan àti ìṣẹ́jú méje. Ó fi ara rẹ̀ wé òjò, ó fi ara rẹ̀ wé odò Ọ̀ṣun, ó fi ara rẹ̀ wé Òkè Màpó, ó wá ní gbogbo wọn ò tó bẹ́ẹ̀.

Kọ́nẹ́ẹ̀lì Olúṣẹ̀yẹ, tí ìjọba rán wá, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ṣí aṣọ náà. Ó wo àwòrán tó ń rẹ́rìn-ín.

"Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká rí i kó ṣiṣẹ́."

"Èmi gan-an ni n ó fi ara mi dán an wò!" ni Olóyè ké. Ó ká agbádá, ó dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó gbé ìbomú tó wà lẹ́nu rọ́bà gbọọrọ kan lé imú. "Wándé! Tan án!"

Wándé tẹ bọ́tìnnì tí káfíńtà kàn mọ́ àpótí náà. Pápá dákẹ́ rọ́rọ́. Kò sí nǹkan kan tó dún.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ọkùnrin mìíràn ì bá dìde jẹ́ẹ́, kó ní nǹkan ń ṣe ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n Olóyè kò mọ bí ẹ̀rọ ṣe ń dún, nítorí kò tíì gbọ́ ọ rí. Kódà lórí rédíò, ìṣẹ́jú mẹ́rin yẹn, orúkọ ara rẹ̀ nìkan ló ń tẹ́tí gbọ́. Ó fa èémí sínú.

"Áà! Ó ti ń wọlé! Afẹ́fẹ́ tútù nini! Ẹ̀dọ̀fóró mi ọ̀tún ti ń kí ìjọba. Tòsì náà ti ń múra."

Àtẹ́wọ́ ró gbàà. Kùdírátù gbé maikirofóònù sún mọ́ àpótí náà, ó sì dúró díẹ̀ kí àwọn tó wà nílé lè gbọ́ ìdákẹ́rọ́rọ́ náà dáadáa.

"Olóyè, a ò gbọ́ ohùn rẹ̀."

"Ti òyìnbó ló ń pariwo. Tèmi ń fi ọ̀wọ̀ ṣiṣẹ́! Wándé, mú un sókè sí i!"

Wándé yí bọ́tìnnì. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Olóyè wú bíi ti afunfèrè. Ó na ẹsẹ̀ méjèèjì.

"Ó ti pọ̀jù! Ẹ dín in kù! Agbára rẹ̀ fẹ́ gbé mi fò!"

Kọ́nẹ́ẹ̀lì ti dìde. Ó rọra rìn lọ sẹ́yìn àpótí, ó fa ilẹ̀kùn rẹ̀. Òòlù tí káfíńtà gbàgbé wà níbẹ̀, pẹ̀lú abọ́ tó fi jẹun. Alángbá kan sáré jáde, ó dúró sójú pèpéle, ó mi orí lẹ́ẹ̀mejì, ó bá tirẹ̀ lọ.

"Olóyè," ni Kọ́nẹ́ẹ̀lì bi í, ohùn rẹ̀ kò sì ga rárá, "kí lẹ ń mí?"

Olóyè ṣí ìbomú díẹ̀. "Afẹ́fẹ́ ni, sà." Ó wo àpótí, ó wo ènìyàn. "Ti… ti ojoojúmọ́ yẹn."

Ẹ̀rín tó bú jáde ní pápá yẹn, wọ́n ní àwọn tó wà ní Ẹlẹ́yẹlé náà rín in nídìí rédíò wọn. Wándé nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó kúnlẹ̀ níwájú Kọ́nẹ́ẹ̀lì.

"Èmi ni mo kó wọn lọ, sà. Mo tẹ lẹ́tà, mo lu òǹtẹ̀. Ring Road ni wọ́n wà."

Kọ́nẹ́ẹ̀lì dé fìlà rẹ̀. "Dìde. Mú mi lọ."

Ó bá Jọlá lórí bẹ́ẹ̀dì, àwọ̀ ètè rẹ̀ ti padà. Ó bá Sístà Olúbùsọ́lá tó sùn lọ fọnfọn lórí àga, ọwọ́ rẹ̀ ń tẹ afẹ́fẹ́ lójú oorun. Kò jẹ́ kí wọ́n jí i. Nínú ìròyìn aago mẹ́rin ọjọ́ yẹn, wọ́n kéde pé ìjọba ti tú Ìgbìmọ̀ Gíga ká, pé dókítà àti Sístà ni yóò máa darí iṣẹ́ náà, pé kí Kabir ṣe ogún ẹ̀rọ sí i, àti pé kí Wándé máa bá wọn kọ lẹ́tà. Ìlà kan péré ni lẹ́tà àkọ́kọ́ tó kọ.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, wọ́n yọ ìbomú lójú Jọlá. Ọkọ rẹ̀ tẹ orí ba láti gbọ́ ohun tó fẹ́ sọ.

"Ta ló ń bá mi mójú tó kíláàsì kẹrin? Wọ́n ti ba nǹkan jẹ́ níbẹ̀, mo mọ̀."

Olóyè ní tirẹ̀ jókòó sílé ní Bódìjà. Ìjọba gba mọ́tò. Àwọn tó ń dìde fún un kò wá mọ́. Ó sín lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ kan, kò sẹ́ni tó dáhùn àfi ìyàwó rẹ̀, tó ní kó lọ wọ súẹ́tà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, fíríìsà wọn wá bàjẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ní kò sí oníṣẹ́ mìíràn tí òun gbẹ́kẹ̀ lé ju Kabir lọ. Olóyè kó agbádá wọ̀. Ó gun takisí lọ sí Olúyọ̀lé.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá," ni Kabir kí i, kò bú u, kò sì fi í ṣẹ̀sín. "Ẹ jókòó díẹ̀, mò ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín."

Bẹ́ǹṣì gbọọrọ ló wà níbẹ̀, èèyàn mẹ́rin ti wà lórí rẹ̀. Olóyè jókòó sí ìpẹ̀kun. Kò pẹ́ ni píkọ́ọ̀pù kan sáré dé.

"Kabir! Ẹlẹ́yẹlé ń pè! Èémí aláìsàn kan ti há!"

Kabir gbá ẹ̀rọ kan, tòun ti bátìrì rẹ̀, mú lápá kan, ó gbójú sókè. Ẹni tó sún mọ́ ọn jù ló pè.

"Bàbá, ẹ bá mi gbé ìhà ọ̀hún!"

Olóyè wo ọ̀tún, ó wo òsì, láti mọ bàbá tí wọ́n ń pè. Kò sí ẹlòmíràn. Ó dìde, ó ṣẹ́ agbádá sí èjìká, ó tẹ̀ ba. Ó wúwo ju bó ti rò lọ. Wọ́n gbé e dé ẹ̀yìn mọ́tò, wọ́n tì í wọlé, mọ́tò sì fò lọ. Gírísì wà ní ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ó dúró sójú títì, ó ń wo mọ́tò náà títí tó fi ṣẹ́ kọ́nà.

Nígbà tó délé, ìyàwó rẹ̀ bi í bí fíríìsà ti jẹ́. Olóyè yọ àyà síta.

"Fíríìsà ṣì ń dúró. Èmi fúnra mi ni mo gbé ẹ̀rọ ìmí ránṣẹ́ sí Ẹlẹ́yẹlé lónìí."

Ìyàwó rẹ̀ pòṣé, ó wọ ilé ìdáná lọ. Ó ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí fún ọdún mẹ́tàlélógún, kò sì mọ̀ pé òótọ́ lọkọ òun sọ.